Ọjọ́ Ńlá àti Ọjọ́ Lásán ní Pápá Ìṣeré Sùúrùlérè

 

Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá sọ ìtàn Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè tó wà ní Sùúrùlérè, ibi tí ọkàn mi kọ́kọ́ lọ kì í ṣe pápá náà. Ojú títì kan ní Mùṣín ni, níbi tí àwa ọmọdé ti máa ń gbá mọ́ńkí pósìtì. Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, ó parí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń pín ojú títì yẹn láàrin ara wa, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi òní dúró lé.

Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan là ń pè ní sẹ́ẹ̀tì. Sẹ́ẹ̀tì méjì á wà lójú ìjà, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tàbí mẹ́rin á jókòó sétí gọ́tà, wọ́n ń dúró. Gólì méjì ni òpin. Sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá gbá méjì wọlé fún á bọ́ síta, èyí tó kàn á wọlé. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ẹni tó sún mọ́ òkúta jù lọ ni yóò gbé e kúrò lọ́nà. Bí ìyá alákàrà bá gbé agbada epo gbígbóná kọjá, bọ́ọ̀lù á dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọn fèrè. Bí a bá sì dé tí a rí i pé àwọn ọmọbìnrin ti fa ìlà súwẹ̀ sílẹ̀, a ó dúró dè wọ́n, nítorí àwọn ló kọ́kọ́ dé. Kò sí ọ́fíìsì, kò sí àgádágodo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń darí gbogbo wa: ta ló kàn?

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ gbé lọ sí Sùúrùlérè.

Kí Sùúrùlérè tó ní pápá, Oníkàn ni gbogbo Èkó ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Àwọn ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì fi orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pè é. Lónìí, orúkọ Mobolaji Johnson ló ń jẹ́, gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Pápá Oníkàn dára, ṣùgbọ́n kékeré ni. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ìlú tó ní pápá ìṣeré tó tóbi gan-an kì í ṣe Èkó tó jẹ́ olú ìlú, Ìbàdàn ni. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti kọ́ Liberty Stadium síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni Dick Tiger ti bá Gene Fullmer kan ẹ̀ṣẹ́ ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, 1963, ìjà àkọ́kọ́ fún àmì ẹ̀yẹ àgbáyé tó wáyé nílẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú Áfíríkà. Ọdún méjìlá gbáko ni Èkó fi ń wo Ìbàdàn lójú kí tirẹ̀ tó dé.

Ilẹ̀ tí wọ́n gbé pápá náà sí ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1955, àjọ tó ń tún ìlú Èkó ṣe, tí àwọn ará ìgbà náà mọ̀ sí LEDB, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó pé ibẹ̀ ti há jù, wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí ilé tuntun tí ìjọba kọ́ sí Sùúrùlérè. Èkó Tuntun ni àwọn òyìnbó pe ibẹ̀. Ẹni tó ti ń tajà ní Ìsàlẹ̀ Èkó látìgbà ìyá rẹ̀, tí wọ́n wá gbé dé ibi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, ó mọ ìdí tí orúkọ àdúgbò náà fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń mẹ́nu bà á kí a lè rántí pé kò tíì pé ogún ọdún tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wá síbẹ̀ tí ìjọba tún fi gba ilẹ̀ gbàràmù-gbaramu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ní eré ìdárayá lòun fẹ́ fi ṣe.

Kí ló mú ìjọba yára? Àlejò ń bọ̀. Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ ní Brazzaville ní 1965. Bamako ló yẹ kó gba èkejì ní 1969, ṣùgbọ́n àwọn ológun gbàjọba ní Málì ní 1968, ètò náà sì dàrú. Èkó ló wá bọ́ sí lọ́wọ́. Nígbà yẹn, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù kìíní, 1970 ni. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba nígbà náà, fẹ́ kí gbogbo Áfíríkà wá rí i pé Nàìjíríà ti dìde, pé ilé kan náà ni wá síbẹ̀. Ìdíje náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7, oṣù kìíní, 1973, ó sì parí ní ọjọ́ 18. Ọdún mẹ́ta géérégé lẹ́yìn ogun. Pápá tuntun tí wọ́n parí ní 1972, tó gba ènìyàn 55,000, ni wọ́n ti ṣe é.

Kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn. Eré ìdárayá ọlọ́kan-ò-jọ̀kan ni wọ́n kọ́lé fún. Pápá ńlá wà láàrin tí ọ̀nà ìsáré yí ká. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Òlíḿpíìkì. Gbọ̀ngàn wà fún àwọn tó ń ṣeré abẹ́ òrùlé: bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, tẹ́nìsì orí tábìlì, irin gbígbé, júdò. Àwọn abẹ̀ṣẹ́ ní ibi tiwọn, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Brai Ayonote pè títí dòní. Ní 1973 kan náà, ibẹ̀ ni Ìdíje Eré Ìdárayá Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí ìpínlẹ̀ gbogbo ń bá ara wọn du títí dòní. Nígbà tó di 1974, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá sílẹ̀ nínú ọgbà náà.

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 1973, wọn á ní Nàìjíríà na Gíní ní 2 sí 0, a gba góòlù bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà ìsáré tó yí bọ́ọ̀lù ká, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Tànsáníà, Filbert Bayi, ṣáájú Kipchoge Keino ará Kẹ́ńyà nínú eré mítà 1,500. Keino tí gbogbo ayé mọ̀! Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní Christchurch ní ilẹ̀ New Zealand, Bayi yára sá eré kan náà ju bí ẹnikẹ́ni ti sá a rí láyé lọ. Ọmọbìnrin tiwa náà, Modupe Oshikoya, fò jìnnà ní Sùúrùlérè, ó sì fò gba góòlù ní Christchurch kan náà ní 1974. Ènìyàn méjì tó gbéra láti orí ilẹ̀ wa yìí lọ sí òpin ayé, tí wọ́n sì ṣe ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé Mùṣín ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ó ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí pápá kan ṣe ń gba eré púpọ̀, torí iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Agbábọ́ọ̀lù ń fẹ́ koríko tó tẹ́jú, tí wọ́n gé mọ́lẹ̀, tí kò ní í kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń ju ọ̀kọ̀ ń fẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀kọ̀ rẹ̀ yóò gún. Bí irin tí wọ́n ń fi ṣéènì jù bá balẹ̀ láti òkè, ihò tó bá gbẹ́ sílẹ̀ lè gba ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù, kó sì rọ́ ọ. Ẹni tó ń sáré ń fẹ́ ọ̀nà tó jẹ́ mítà 400 bó ṣe yí po, nítorí náà ẹni tó jókòó sẹ́yìn àwọ̀n gólì yóò jìnnà sí bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ti wo bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí mò ń sọ: lọ́pọ̀ pápá níbẹ̀, òǹwòran fẹ́rẹ̀ẹ́ lè na ọwọ́ kan agbábọ́ọ̀lù, nítorí kò sí ọ̀nà ìsáré láàrin wọn. Àwa tí a jókòó sí pópúlà sáìdì ní Sùúrùlérè ti fi sísúnmọ́ bọ́ọ̀lù yẹn ta àwọn eléré sísá lọ́rẹ. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹ tún fi òjò sí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ sí apá Ìgànmú kò ga, bí oṣù kẹfà bá dé, omi ò mọ ibi tí yóò gbà. Koríko nílò yanrìn lábẹ́ rẹ̀ àti ọ̀nà tí omi yóò gbà jáde, ó tún nílò ìsinmi. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ ní Ọjọ́rú, tí wọ́n tún gbá a ní Sátidé, tí ayẹyẹ ńlá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ kejì, yóò kú. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú irú pápá bẹ́ẹ̀ ju koríko gígé lọ. Òun ló ń di kàlẹ́ńdà mú. Òun ni yóò sọ pé lọ́sẹ̀ yìí sárésáré ló kàn, kí ẹlẹ́sẹ̀ ayò ní sùúrù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ koríko ló kàn, kí gbogbo wa ní sùúrù.

Ẹ wo ọdún kan ṣoṣo, 1977. Ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, pápá náà gba ayẹyẹ ìṣíde FESTAC, àwọn ènìyàn dúdú láti gbogbo ayé tò wọlé pẹ̀lú ìlù àti aṣọ ilẹ̀ wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 12, oṣù kọkànlá, ọdún kan náà, pápá kan náà gba omijé: Nàìjíríà ń bá Tùnísíà du àǹfààní láti lọ sí Ife Àgbáyé, Godwin Odiye fẹ́ fi orí gbá bọ́ọ̀lù kúrò níwájú ilé wa, ó sì wọlé tiwa. 1 sí 0. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kó ẹ̀bi náà lé ọkùnrin yẹn lórí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó dúró síbi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ nìkan ni bọ́ọ̀lù lè ṣèèṣì bà.

Ọdún 1980 ló tu ọgbẹ́ náà lójú. Ikọ̀ wa, tó di Super Eagles lẹ́yìn náà, ń jẹ́ Green Eagles nígbà náà, Otto Gloria ará Brazil ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Christian Chukwu ni balógun. Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà pín sí méjì, apá kan ní Ìbàdàn, apá kan ní Sùúrùlérè. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, a pàdé Àljíríà ní àṣekágbá. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé ènìyàn tó tó 85,000 ló wọ inú pápá tí wọ́n kọ́ fún 55,000. Kí àwọn kan tó rí ibi jókòó sí, ní ìṣẹ́jú 2, Segun Odegbami ti gbá ọ̀kan wọlé. Ó tún gbá òmíràn ní ìṣẹ́jú 42. Muda Lawal fi ẹ̀kẹta tì í ní ìṣẹ́jú 50. Bàbá mi gbé rédíò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nílé wa ní Mùṣín, àwọn aládùúgbò yí i ká, ohùn Ernest Okonkwo, tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù náà, ń jáde bí ẹni pé ó wà láàrin wa. Nígbà tí ẹ̀kẹta wọlé, mo gbọ́ ariwo lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó ti inú rédíò jáde àti èyí tó ti òde Mùṣín dìde. Ààrẹ Shehu Shagari fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ilé ní àdúgbò Festac àti ọkọ̀ Peugeot 504.

Mo máa yára kọjá lórí àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, kí n lè dé 1989, nítorí ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí ohun tí pínpín pápá ń jẹ́. Láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ ọdún yẹn, àwọn sárésáré Áfíríkà pé jọ sí Sùúrùlérè fún ìdíje tiwọn. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 12, bọ́ọ̀lù gba pápá náà padà: Nàìjíríà àti Àńgólà, ìdíje láti dé Ife Àgbáyé. Èrò pọ̀ kọjá àlà, àwọn òǹwòran kan kú lọ́jọ́ náà. Stephen Keshi gbá ọ̀kan wọlé fún wa. Ní ìṣẹ́jú 77, Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ lórí pápá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kàn án. Kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 ni, agbẹjọ́rò ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru. Ère rẹ̀ wà níwájú pápá náà. Ẹni tó bá wọ danfó láti Ojúẹlẹ́gba gba Western Avenue, tí a ń pè ní Funsho Williams báyìí, tó sì gbọ́ tí kọ́ńdọ́kítọ̀ pariwo "Sitédíọ̀mù!", ó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkùnrin yẹn ti fi ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀.

Ní 1999, wọ́n dín ìjókòó kù sí nǹkan bí 45,000 fún Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́. Ibẹ̀ ni Sípéènì ti na Japan ní 4 sí 0 ní àṣekágbá, ní ọjọ́ 24, oṣù kẹrin, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Xavi wà láàrin wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, 2000, àwa àti Kamẹrúùnù pàdé ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Wọ́n ti gbá méjì wọlé ṣáájú wa, Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà, Jay-Jay Okocha dá èkejì padà. Ó di pẹ́nárítì. Èyí tí Victor Ikpeba gbá lu ọ̀pá òkè, ó já sílẹ̀, rẹfirí ní kò wọlé. Àwọn tó wo tẹlifíṣọ̀n ní ó wọlé. 4 sí 3. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń jáde kúrò ní pápá lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ńlá ìkẹyìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀ níbẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Olú ìlú ti kó lọ sí Àbújá láti 1991. Wọ́n kọ́ pápá ìṣeré tuntun síbẹ̀ fún ìdíje Gbogbo Áfíríkà ti 2003, ọgbọ̀n ọdún géérégé lẹ́yìn ti Èkó. Bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè bá pápá tuntun lọ. Sùúrùlérè kò ní àlejò mọ́. Koríko gbẹ, igbó hù sí ojú ibi tí Odegbami ti sáré, àwọn ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ilé oúnjẹ, ilé ọtí àti ibi ayẹyẹ gbilẹ̀ nínú ọgbà, ó sì dé ìgbà kan tí ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Sitédíọ̀mù lè máa lọ jẹ ìyàwó. Mi ò dá ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ lẹ́bi. Ilẹ̀ tí olówó rẹ̀ bá gbàgbé, ẹlòmíràn ni yóò dáko síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà jíjìn kí a tó padà sílé. Ní ìlú Munich ní Jámánì, ọdún 1972 kan náà tí wọ́n parí Sùúrùlérè ni wọ́n parí pápá Òlíḿpíìkì tiwọn. Bákan náà ni bọ́ọ̀lù gbé ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ Bayern àti ẹgbẹ́ 1860 kó jáde ní 2005 lọ sí pápá tuntun. Ìtàn kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ọgbà Munich kò kú. Ilé iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìlú fúnra rẹ̀ ló ń bójú tó o, ará ìlú ń sanwó kékeré wọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, gbọ̀ngàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, nígbà tó sì di 2022, sárésáré gbogbo Yúróòpù tún padà síbẹ̀. Mo mọ̀ pé owó Jámánì kì í ṣe owó wa. Owó nìkan kọ́ ló ṣe é. Àwọn tó ń lo ọgbà náà lójoojúmọ́ sún mọ́ àwọn tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Tiwa, kọ́kọ́rọ́ wà ní Àbújá, àwọn tó ń lò ó wà ní Ojúẹlẹ́gba.

Ohun tó ya èmi lẹ́nu nìyí, òun sì ni ìdí tí mo fi gbà láti wá sọ̀rọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù lọ, àwọn eré kéékèèké ò lọ. Àwọn abẹ̀ṣẹ́ dúró. Àwọn tó ń gbé irin dúró. Àwọn ọmọ júdò, àwọn ọmọ rọ́gbì, àwọn àgbà tó ń fi ìdájí sáré kí ọkàn wọn lè le, wọ́n dúró. Ọmọ Ìtirẹ̀ tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ẹ̀ṣẹ́ kò bi ẹnikẹ́ni bóyá Super Eagles ń bọ̀; ó kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sínú àpò ó sì lọ. Ní gbogbo ọdún tí a fi ń pariwo nínú ìwé ìròyìn pé pápá Sùúrùlérè ti kú, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan wà níbẹ̀ tó ń ka "ọ̀kan, èjì, ọ̀kan, èjì" fún àwọn ọmọ mẹ́wàá. Ọjọ́ ńlá tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọgbà náà ti kọjá. Ọjọ́ lásán ló kù tó ń gbé e ró.

Ìpínlẹ̀ Èkó náà ti dá sí i, lọ́nà tó yẹ kí gbogbo wa ronú sí. Láti 1984 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti orílẹ̀-èdè gan-an. Iṣẹ́ náà dúró, ó tún gbéra, ó tún dúró, ìjọba kan lọ òmíràn dé, títí di 2007 kí wọ́n tó ṣí i. Ó gba ènìyàn 24,325. Wọ́n fi orúkọ Teslim Balogun pè é, ọmọ Èkó tí wọ́n ń pè ní Thunder nítorí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, tó wà lára ikọ̀ tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tó sì padà lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers. Orúkọ náà tọ́ sí i. Gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas wà nínú ọgbà yẹn, ibẹ̀ sì ti di ilé tẹ́nìsì orí tábìlì, eré tí Èkó fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ Èkó kan, Funke Oshonaike, fi lọ sí Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀méje, láti 1996 dé ti Tokyo.

Ẹ wá wò ó: pápá ńlá méjì, ẹ̀gbẹ́ kan náà, ìjọba méjì. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹta, 2021, Super Eagles padà wá gbá ìdíje ní Sùúrùlérè, wọ́n na Lesotho ní 3 sí 0. Pápá ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti gbá a. Pápá tó ń jẹ́ orúkọ orílẹ̀-èdè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ ariwo. Ohun tí ìjọba méjì náà ná sí ọgbà méjì, bí wọ́n bá jọ ná an sí ọ̀kan, tí wọ́n sì jókòó pín ọjọ́ lílò rẹ̀ bí àwa ọmọ Mùṣín ti ń pín títì, èmi gbà pé a ò bá ti ní ibi tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò máa wá kọ́ eré.

Iṣẹ́ àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀ ní pápá orílẹ̀-èdè náà, ó sì yẹ kí a yìn ín. Nígbà tí Sunday Dare jẹ́ mínísítà eré ìdárayá, ó pe àwọn olówó pé kí wọ́n gba pápá tọ́, Olóyè Kessington Adebutu sì jẹ́ ìpè náà lórí ti Sùúrùlérè. Wọ́n tún koríko ṣe, wọ́n dojú kọ ọ̀nà ìsáré. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀rù tó ń bà mí fún yín gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé. Gbogbo ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àtúnṣe, ọjọ́ ńlá là ń wò: ìgbà wo ni Super Eagles yóò padà, ta ni yóò gé rìbọ́ọ̀nù. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé aago mélòó ni adágún yóò ṣí fún ọmọ ilé ìwé Yábàá tí kò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá omi wà nílé ìwẹ̀ àwọn abẹ̀ṣẹ́bìnrin. Koríko tuntun tí kò bá ní kàlẹ́ńdà yóò tún kú. Bí wọ́n bá tì í pa kó má bàa bàjẹ́, kò yàtọ̀ sí kó kú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà níbí lọ bá àwọn aláṣẹ sọ kò pọ̀. Ẹ ní kí aṣojú àwọn abẹ̀ṣẹ́, ti sárésáré, ti agbábọ́ọ̀lù, ti oníwẹ̀, ti tẹ́nìsì orí tábìlì àti ti ará àdúgbò wà lórí ìjókòó tó ń pín ọjọ́, kí ohùn wọn sì ní agbára ìdìbò. Kí owó tí ilé oúnjẹ àti ibi ayẹyẹ tó bá kù nínú ọgbà ń san máa lọ tààrà sí koríko àti omi, kí gbogbo ènìyàn sì lè rí ìṣirò rẹ̀. Kí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ní kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo fún ọgbà méjèèjì, kí ìdíje sárésáré àti ìdíje bọ́ọ̀lù má máa bọ́ sí ọjọ́ kan náà, kí ọ̀kan sì máa sinmi nígbà tí èkejì bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹ tún ní kí wọ́n gbé pátákó dúdú kan sẹ́nu géètì, níbi tí ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú danfó yóò ti rí i. Kí wọ́n máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ ní àràárọ̀: aago mẹ́fà, àwọn tó ń sáré ìdájí, aago mẹ́jọ, àwọn ọmọ ilé ìwé ní adágún, aago mẹ́rin, ẹ̀ṣẹ́. Kí ọmọ kan láti Láwàńsọ̀n lè dúró níwájú rẹ̀, kó kà á fúnra rẹ̀, kó sì mọ ìgbà tí yóò kàn án.

 Ìyá kan ti ń nawọ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba LEDB. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé ọ̀dọ̀ wọn.